Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Monísọ́lá

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí Ọlábùnmí ti ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Salford lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Òun kọ́ ni wọ́n lù. Ẹni tí wọ́n lù wà nínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò sì sí ẹni tí yóò bá èèyàn káàánú ẹsẹ̀ wíwú nígbà tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ti ṣẹ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó máa ń dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù ní Manchester. Aṣọ ibùsùn ni ó ń ká níbẹ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Nígbà tí aago méjì bá fi máa lù, ìbàdí rẹ̀ á ti dà bí ìbàdí ẹlòmíràn tí wọ́n yá a lò. Lẹ́yìn náà ni yóò ra ohun tí yóò sè, yóò wọ bọ́ọ̀sì dé àárín ìlú, yóò dúró nínú òjò, yóò wọ òmíràn dé Salford, yóò kan ilẹ̀kùn Monísọ́lá jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì gba ihò lẹ́tà sọ̀rọ̀ wọlé pé, "Èmi ni."

Ọdún 1986 ni. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́, láti ìgbà tí Monísọ́lá ti Iléṣà dé wá bá ọkọ rẹ̀ tó ń kàwé. Ọkọ náà ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lọ́dọ̀ ìyá Monísọ́lá nílé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n béèrè ní ọsibítù pé ta ni ẹbí obìnrin yìí, Ọlábùnmí ní òun ni. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wá ń rò ó báyìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Monísọ́lá ń ti ọjà Bury bọ̀, níbi tí ó ti lọ ra ṣàkì. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan, ó ń dúró de èkejì, ni àwọn ọkùnrin òyìnbó mẹ́ta bá wá bá a. Wọ́n ní kí ó padà sínú igbó tí ó ti wá. Kò dá wọn lóhùn. Wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò mú owó inú rẹ̀. Ṣàkì ni wọ́n dà lé e lórí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ ni wọ́n gbé e ṣubú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi ta á. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́, eyín méjì sì yọ. Èèyàn wà ní òdìkejì títì, wọ́n ń wò. Obìnrin kan tó ń ta ẹja díndín ni ó sáré jáde sí i pẹ̀lú tówẹ̀lì. Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni mú.

Àwọn dókítà fi wáyà de ẹnu rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ògì àti omi ọbẹ̀ tí Ọlábùnmí fi aṣọ sẹ́ ni ó ń fà mu láti igun ẹnu. Nígbà tí wọ́n tú wáyà náà, tí wọ́n gé símẹ́ǹtì tí wọ́n fi de ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ kúrò, wọ́n ní ó ti yá. Ilé ìwé tí ó ti ń dáná fún àwọn ọmọdé kọ̀wé sí i pé àwọn yóò dá ààyè rẹ̀ sí di òpin oṣù Kọkànlá; tí kò bá dé, àwọn yóò gba ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n Monísọ́lá kì í jáde. Kì í jáde lọ da ilẹ̀ nù. Ọjọ́ tí wọ́n tú wáyà, mọ́tò ọsibítù ló wá gbé e, aṣọ òtútù ni Ọlábùnmí sì fi bò ó lórí láti ẹnu ọ̀nà dé inú ọkọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń kó olè lọ sí kóòtù. Ohun tó ń ba Ọlábùnmí lẹ́rù nìyẹn. Bí iṣẹ́ yìí bá fi bọ́, kò sí ohun mìíràn tí yóò fa Monísọ́lá jáde mọ́. Inú yàrá yẹn ni yóò máa wà, tí aṣọ fèrèsé rẹ̀ yóò wà ní títì láàárọ̀, lálẹ́. Òun náà yóò sì máa wọ bọ́ọ̀sì méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù.

Àwọn ará ìjọ wọn ti wá kí i, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ kú ewu. Ẹ kú oríire. Tí wọ́n bá ti jókòó tán, wọ́n á béèrè bó ṣe jẹ́. Ẹni mélòó ni wọ́n? Kí ni wọ́n sọ? Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi ta á? Ẹnu rẹ̀ sì wà ní dídè, nítorí náà ọwọ́ òsì ni Monísọ́lá fi ń kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn, ẹni tó bá ti kà á á sì máa sunkún, Monísọ́lá á wá máa na tíṣù sí i. Ní ọjọ́ kan ó kọ ọ́ sórí ìwé náà fún Ọlábùnmí pé: Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Láti ọjọ́ náà, Ọlábùnmí ló ń kó ẹ kú ewu lọ, tó ń kó ẹ ṣeun bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn ń yá lò ní Hulme, Màmá Ìyániwúrà tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ní wọ́n ti tú ẹnu Monísọ́lá."

"Wọ́n ti tú u, mà."

"Kí la wá ń dúró dè? Ẹni tó bá ti inú ewu jáde, ó yẹ kó wá dúpẹ́. Ìjọ á gbé e jó dé iwájú. Tí ó bá ti dúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn. Kẹta oṣù yìí ńkọ́?"

Kẹta oṣù túmọ̀ sí ọjọ́ Ìsinmi kẹta. Ọlábùnmí gbà. Kò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ewu. Ó sọ fún ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pé èyí ni yóò mú Monísọ́lá jáde, pé tí ó bá lè rin ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, á lè rìn ín dé ilé ìwé. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà máa parí. Ó fẹ́ lọ sùn.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni ó tó sọ ọ́. Ó jókòó lórí àga, Monísọ́lá jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òróró pa á lórí.

"Màmá Ìyániwúrà ní kí n kí ẹ."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ní ìdúpẹ́ ẹ ti bọ́ sí Sunday tó ń bọ̀."

Orí tó wà láàárín orúnkún rẹ̀ kò mì. "Ìdúpẹ́ ta ni?"

"Tìẹ."

"Ta ló ní mo fẹ́ ṣe ìdúpẹ́?"

"Èmi ni mo gbà fún wọn."

Monísọ́lá yí padà wò ó. Ẹnu rẹ̀ kò tíì máa là dáadáa, ó dà bí ẹni tó fi nǹkan sábẹ́ ahọ́n sọ̀rọ̀. "Kí ni kí n dúpẹ́ ẹ̀ gan-an, Bùnmí? Pé ẹsẹ̀ ro wọ́n kí wọ́n tó pa mí?"

"Má sọ̀rọ̀ báyẹn. O ò kú."

"Ó ti ń jọ ti Pásítọ̀ lẹ́nu ẹ."

Ọlábùnmí pa òróró lọ díẹ̀. "Wọ́n á rán ọkọ̀ wá. Ẹnu ọ̀nà níbí lo ti máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo máa wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo máa fi wà níwájú."

"Kí n sì máa jó."

"Kí o kàn mì díẹ̀."

"Ó dáa. Kí eyín tó kù lè mì pọ̀ mọ́ ọn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Monísọ́lá sì fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú nítorí pé ẹ̀rín ń dùn ún. Kò sọ pé òun yóò lọ. Kò sọ pé òun kò ní lọ. Ọlábùnmí mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́jọ, ó mọ̀ pé tí Monísọ́lá bá dákẹ́ báyẹn, rárá ni. Ṣùgbọ́n ó mú un bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni, torí bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, ó dé Salford ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú aṣọ lílọ̀ lórí apá. Monísọ́lá wà nínú kíṣìnnì pẹ̀lú aṣọ oorun rẹ̀, ó ń mu tíì. Ó wo aṣọ náà, ó wo Ọlábùnmí.

"Gbé e kọ́ síbì kan," ó ní. "Tíì wà nínú kẹ́tùlù."

Ọlábùnmí bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ó ti bínú. Ó ní, "Ṣé inú ilé yìí lo fẹ́ kú sí ni?" Monísọ́lá tún bu tíì sínú kọ́ọ̀pù rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá, ọkọ̀ tí wọ́n rán wá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé. Ọlábùnmí jáde, ó sọ fún awakọ̀ pé ara Monísọ́lá kò yá. Awakọ̀ ní ó dáa, ó lọ. Ó yẹ kí Ọlábùnmí rìn dé àgọ́ telifóònù tó wà ní orí òpópónà, kí ó pe gbọ̀ngàn, kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n sún un sí ọjọ́ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó jókòó sórí àga, ó ní yóò yé wọn.

Ohun tó yé wọn kọ́ nìyẹn. Ìjọ ti sè. Ìrẹsì ti jinná, wọ́n ti yan adìyẹ, wọ́n ti pe orúkọ Monísọ́lá lórí pẹpẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá tó láti wá sí ibi ìdúpẹ́ rẹ̀, ṣé a kì í gbé ìdúpẹ́ lọ bá a nílé ni? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó rò ó sí ibi.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí wọ́n dé. Ọkọ̀ ńlá kan àti mọ́tò mẹ́ta. Ọlábùnmí gbọ́ bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ń pa dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ lórí òkúta ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń yára nítorí òjò. Agogo bẹ̀rẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣílẹ̀kùn o, ayọ̀ ti dé."

Nígbà tí ó wẹ̀yìn, Monísọ́lá kò sí lórí àga. Kọ́ọ̀pù tíì ti fọ́ sílẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ihò abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ó ti ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀, ó fi apá méjèèjì bo orí, omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ń ké, ṣùgbọ́n ohùn náà kò jáde dáadáa nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọlábùnmí lọ ṣí ilẹ̀kùn. Kò ṣí i tán. Ó bọ́ síta, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí ẹnu ọ̀nà gan-an, ó fi gìgísẹ̀ di ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn. Òjò ń kán sí i lójú.

Màmá Ìyániwúrà ló wà níwájú, pẹ̀lú kúlà oúnjẹ ní ọwọ́ méjèèjì. "Kúnlẹ̀kúnlẹ̀ ti tó. Dìde, ká wọlé, òtútù ń mú wa."

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ ò ní lè wọlé, mà."

Fúnṣọ́ tó ń lu agogo rẹ́rìn-ín. "Sister Ọlábùnmí, ṣé owó ìwọlé lẹ ń gbà ni?"

"Rárá o. Ẹ bá mi dá agogo yẹn dúró, ẹ jọ̀ọ́."

Agogo dúró. Orin tẹ̀ lé e, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ní òdìkejì òpópónà, ẹnì kan ti gbé aṣọ fèrèsé sókè.

"Ọlábùnmí," Màmá Ìyániwúrà ní, "èmi lo dá dúró síta lójú gbogbo ìjọ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kànlélógójì, mà."

"Mo ti lé ní àádọ́rin. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti wà nídìí ìrẹsì yìí. O mọ bí orúnkún mi ṣe rí."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Tí o bá mọ̀ ọ́n, yà fún mi."

"Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, mà, orí mi lẹ máa gbà kọjá."

Àwọn kan pòṣé lẹ́yìn. Ẹnì kan ní irú ìwà wo nìyí. Ọlábùnmí tẹ orí ba, kò dìde. Ní ìgbésí ayé rẹ̀, kò tíì dá àgbàlagbà lóhùn báyẹn rí. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn wá gbọ́ ohun tí agogo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń ti inú ilé bọ̀, ní ìsàlẹ̀. Kò jọ ẹkún.

"Kí nìyẹn?" Màmá Ìyániwúrà béèrè.

"Monísọ́lá ni. Ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn."

"Kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ yín pọ̀, mà. Ẹ sì ń lu ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Màmá Ìyániwúrà dúró. Òjò ń rọ̀ sórí gèlè rẹ̀. Pásítọ̀ George wú ikọ́ díẹ̀, ó sún síwájú, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká ké pe Olúwa lórí ẹ̀mí ìbẹ̀rù yìí—"

"Pásítọ̀," Màmá Ìyániwúrà ní láìwẹ̀yìn, "ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀." Ó tẹ̀ ba pẹ̀lú ìrora, ó gbé kúlà náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbí. Kí ẹnikẹ́ni má kọrin. Ẹ rọra rìn."

Wọ́n kó oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n lọ, àgbààgbà tó wọ aṣọ dáadáa, tí wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ lọ bí ẹni tó jí nǹkan. Màmá Ìyániwúrà ló lọ kẹ́yìn. "Èmi àti ìwọ ṣì máa sọ̀rọ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó pẹ́ kí Monísọ́lá tó jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọlábùnmí bu omi gbígbóná, ó wẹ̀ ẹ́, ó wọ aṣọ mìíràn fún un, ó nu ilẹ̀. Nígbà tí ó nu ilẹ̀ tán, kò dìde kúrò níbẹ̀.

"Èmi ni mo fa eléyìí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ó ti rẹ̀ mí, Móní. Mo fẹ́ kó parí ni."

"Ìyẹn náà mo mọ̀ ọ́n. Ṣé o rò pé mi ò rí i? Ojoojúmọ́ lo máa ń dé bí ẹni tí wọ́n rán wá síbi òkú. Ó ti rẹ èmi náà láti máa wo ojú ẹ." Monísọ́lá fi ìka kan tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Má wá lọ́la."

"Ta ló máa ra búrẹ́dì?"

"Búrẹ́dì wà."

Ọlábùnmí fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ níbẹ̀ nílẹ̀ kíṣìnnì, pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Òtútù ló jí i. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ilẹ̀kùn iwájú ṣí gbayawu, Monísọ́lá kò sì sí nínú ilé.

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Monísọ́lá wà níta, nínú òjò, pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí kúlà, ó ń fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti gbé e nítorí ọ̀tún kò tíì lágbára. Ológbò kan jókòó nítòsí, ó ń wò ó.

"Ẹranko yìí ti fẹ́ ṣí adìyẹ," Monísọ́lá ní. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń bojú wo apá ọ̀tún òpópónà, ó ń wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. "Mo gbọ́ ohun tí Màmá sọ lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn wà nídìí ìrẹsì láti aago mẹ́rin ìdájí, kí ológbò wá jẹ ẹ́."

Ọlábùnmí kò pariwo, kò yin Ọlọ́run, kò sọ pé wò ó, o ti jáde. Ó kàn dúró.

"Ṣé o máa máa wò mí ni?"

Ó gbá apá kejì kúlà mú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi kó o tán, Monísọ́lá sì jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bì. Ọlábùnmí tún mú àkísà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kò lọ. Ó ti ibi iṣẹ́ lọ sílé, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó sì sùn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Nígbà tí ó lọ ní ọjọ́ Túsìdé, bọ́ọ̀sì kejì pẹ́. Láti orí òpópónà ni ó ti rí ẹnì kan tó fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri ilé, pẹ̀lú aṣọ òtútù lórí aṣọ oorun, tí ọwọ́ rẹ̀ kan di ilẹ̀kùn mú.

"O pẹ́," Monísọ́lá ní.

"Bọ́ọ̀sì ni."

"Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n fún mi di lẹ́yìn ọdún tuntun. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ̀. Mi ò lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì, Bùnmí."

"Ó dáa."

"Lẹ́tà náà wà lápò mi. Àpótí lẹ́tà wà ní igun ọ̀hún."

Ọlábùnmí wo igun náà. Kò ju ogún ilé lọ. Ó na ọwọ́ kí ó lè gba lẹ́tà náà, kí ó bá a lọ jù ú síbẹ̀, bí ó ti ń bá a ṣe gbogbo nǹkan láti oṣù Kẹsàn-án. Monísọ́lá kò fún un. Ó wo òpópónà, ọ̀tún, òsì.

"Jẹ́ ká dé ilé kẹta," ó ní. "Tí mi ò bá lè kọjá ibẹ̀, wàá gbé e dé ọ̀hún."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Monísọ́lá wúwo lápá Ọlábùnmí, ó wúwo gan-an. Wọ́n dé ilé kẹfà kí ó tó fún un ní lẹ́tà náà.